Owó Kẹ̀kẹ́, Owó Ọ̀nà: Kí Ni Ẹlẹ́mu Jẹ Káńsù?

Ohun tó bá dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Láti ìgbà tí òjò ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń da ìbéèrè kan bo gbogbo ẹni tó bá súnmọ́ mi: ǹjẹ́ ó yẹ kí ẹni tó ń gun bàsíkùlù lọ gba ìwé àṣẹ, kó sì máa sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún, kó tó lè gba ojú títì tí gbogbo wa ń gbà? Mo bi ẹ̀gbọ́n mi tó ń wa takisí. Ó ní kí wọ́n san án, ṣebí òun náà ń san. Mo bi ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ agbẹjọ́rò. Ó ní òfin ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Mo wá bi ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lójúde wa. Ìyá ò tilẹ̀ dá mi lóhùn, ìbéèrè ló fi bi mí padà: "Ṣé orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ti fẹ́ gbowó ọ̀hún ni, àbí orí ẹni tó wà lórí ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni mi ò tíì lè gbé kúrò lọ́kàn.

Kẹ̀kẹ́ tí mo ń wí kì í ṣe Màrúwá o. Bàsíkùlù ni, èyí tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí kì í mu epo, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹni ló ń wà á.

Ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́bàá ọjà

Ìlú kékeré kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà, mi ò sì ní dárúkọ káńsù wọn. Mo dúró lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá mi lẹ táyà ọkọ̀, ní tòsí ẹnu ọ̀nà ọjà. Níwájú wa, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì fi pákó tí wọ́n kan ìṣó mọ́ lélẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ọ̀kan di ìwé rìsíìtì mú. Èkejì wọ aṣọ pupa rúsúrúsú tó ń tàn yanran lóòrùn. Oníbárò ni wọ́n ń dá dúró, àtàwọn alákàrà tó ń ti ọmọlanke.

Ni bàbá ẹlẹ́mu kan bá yọ lórí bàsíkùlù. Bàbá náà yóò ti tó ẹni àádọ́rin ọdún. Kẹ́ẹ̀gì méjì wà lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, ọ̀kan jókòó sórí káríà lẹ́yìn, rọ́bà túúbù tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi dì wọ́n pọ̀. Ewé ló fi dí ẹnu kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, kí ẹmu lè ráyè mí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ìwé kẹ̀kẹ́ yín tọdún yìí dà?"

"Ìwé kẹ̀kẹ́ kẹ̀? Wọ́n tún ti ń gbà á ni?"

"Wọn ò fìgbà kan fi í sílẹ̀, bàbá. ₦2,000 ni."

"Ẹ jẹ́ kí n wọjà ná, ẹ̀yin ọmọ. Bí mo bá tà, màá padà wá bá yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yín ṣe máa ń wí, bàbá. Ẹ má bínú, iṣẹ́ ni wọ́n rán wa."

Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ yìí ni èkejì rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ìka méjì tú fáàfù táyà iwájú, ó sọ ọ́ sápò. Afẹ́fẹ́ tú jáde fùùù, kẹ̀kẹ́ sì fẹsẹ̀ kan kúnlẹ̀ tòun tẹrù. Bàbá fi ìbàdí gbé kẹ́ẹ̀gì apá kan kó má baà ṣubú, ó sì di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú gírígírí nínú oòrùn ọ̀sán gangan.

Ẹni tó bá mọ ẹmu mọ ohun tí ìdúró yẹn ń ná bàbá. Ẹmu àárọ̀ ló gbé, èyí tó ṣì dùn lẹ́nu, tówó rẹ̀ ju ti ẹmu kíkan lọ. Oòrùn kì í jẹ́ kó pẹ́ kan. Ìfófòó bẹ̀rẹ̀ sí í ti abẹ́ ewé yọ, ó ń ṣàn lára kẹ́ẹ̀gì, ó ń kán sórí wáyà táyà. Bàbá ń fọwọ́ nù ún, òmíràn ń yọ.

Onímọ́tò kan tó wà lẹ́yìn wọn tẹ fèrè títí, ó wá yọrí lójú fèrèsé, ó ní àwọn tí kò san kọ́bọ̀ fún ìjọba ló máa ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó ń sanwó. Bàbá gbọ́. Kò dá onímọ́tò lóhùn. Àwọn ọmọ tó mú fáàfù rẹ̀ ló kọjú sí, kò sì pariwo:

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀nà oko wa ní odò kan. Igi ọ̀pẹ la fi ṣe afárá rẹ̀. Àwa la gé e, àwa la tẹ́ ẹ, ọdọọdún la sì ń pààrọ̀ èyí tó bá jẹrà. Lọ́jọ́ tí káńsù bá tẹ́ igi kan péré síbẹ̀, ẹ wá gba owó kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi."

Kò sẹ́ni tó fèsì. Obìnrin kan tó máa ń rajà lọ́wọ́ bàbá ló sáré jáde látinú ọjà, ó ki ₦1,000 bọ ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́, wọ́n sì dá fáàfù padà. Ìwé rìsíìtì wà lọ́wọ́ èkejì títí wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ náà, kò ṣí i.

Òfin wà, àmọ́ ẹ ka gbogbo rẹ̀

Àwọn tó dúró níbẹ̀ ní irọ́ ni, wọ́n ní kò sí òfin owó kẹ̀kẹ́ mọ́. Òfin wà. Àfikún Kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, bó ti wà nínú ti 1979 ṣáájú rẹ̀, ka fífún bàsíkùlù, ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́, bárò àti ọmọlanke ní ìwé àṣẹ mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Òfin tó to orúkọ àwọn owó orí tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà, tí wọ́n ṣe lọ́dún 1998, náà dárúkọ owó kẹ̀kẹ́ sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀.

Àmọ́ ojú ewé kan náà tó fún káńsù láṣẹ lórí kẹ̀kẹ́ ló tún ka ṣíṣe ọ̀nà àti títún un ṣe, iná ojú pópó àti gọ́tà mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Gbólóhùn díẹ̀ ló wà láàárín méjèèjì. Òfin ọdún 1998 yẹn kan náà sì sọ ọ́ gbangba pé ẹnikẹ́ni, títí kan àjọ tó ní ẹ̀tọ́ láti gba owó orí, kò gbọ́dọ̀ dí ojú ọ̀nà níbikíbi ní Nàìjíríà láti fi gba owó orí. Nítorí náà, kódà kí ìwé rìsíìtì àwọn ọmọ wọ̀nyẹn jẹ́ ojúlówó, pákó oníìṣó tí wọ́n fi lélẹ̀ ti ba ẹjọ́ wọn jẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi agbẹjọ́rò gbà pẹ̀lú mi níbí. Ó sì fi kún un pé àṣẹ láti gbowó kò sọ ọ́ di dandan kí káńsù gbà á. Káńsù tó bá wù ú lè fi owó kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ láìgbà, kò ní rú òfin kankan.

Ibi tí owó kẹ̀kẹ́ ti ṣẹ̀ wá

Àwọn àgbà wa rántí nọ́ńbà pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń kàn mọ́ kẹ̀kẹ́ lọ́dọọdún láyé òyìnbó. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ ti rọ́wọ́ mú. Tíṣà ló ń gùn ún, katikíìsì ló ń gùn ún, àwọn tó ń ra kòkó lóko ló ń gùn ún. Ìjọba kò mọ iye tó ń wọlé fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà ohun tójú rí ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ní lọ́wọ́. Wọ́n rí kẹ̀kẹ́, wọ́n gbowó lórí ẹ̀. Mi ò sọ pé ó dára. Mo kàn ń sọ pé ó ní ìdí.

Ìdí yẹn ti yí padà pátápátá. Ta ni ẹ ń rí lórí kẹ̀kẹ́ lónìí ní ìgbèríko ilẹ̀ Yorùbá? Ẹlẹ́mu ni, àgbẹ̀ tó ń ti oko bọ̀ ni, ọmọ tó ń pọ́n ọ̀bẹ kiri ni, ọmọ iléèwé tí ọ̀nà rẹ̀ jìn ni. Ẹni tí owó ọ̀kadà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń gun kẹ̀kẹ́. Àmì tí àwọn òyìnbó fi ń mọ olówó ti di àmì tí a fi ń mọ tálákà, a kò sì yí òfin padà. Kí á máa gba owó kẹ̀kẹ́ báyìí, owó orí lórí àìní ni.

Ìtàn ọ̀nà gan-an kò sì jẹ́ kí n gbà pé ìjọba ló ni ọ̀nà tí àwa kàn ń yá lò. Nígbà tí Ogun Adúbí bẹ́ sílẹ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá lọ́dún 1918, tí wọ́n hú irin rélùwéè, owó orí tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé wà lára ohun tó bí wọn nínú, iṣẹ́ tipátipá tí wọ́n ń kó àwọn ènìyàn ṣe sì wà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà tí ọkọ̀ ń sá lé lónìí, ọkọ́ àti àdá àwọn baba wa ló kọ́kọ́ là á. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ní 1968 sí 1969, àwọn Àgbẹ́kọ̀yà tún dìde lórí owó orí, títí ìjọba fi dín in kù. Ẹni tó bá mọ àwọn ìtàn méjèèjì yìí kò ní fi owó kékeré tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀ lójú títì ṣeré.

Ta ló ń ba ọ̀nà jẹ́?

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lágbára: èmi ń san, kí òun náà san. Ìdọ́gba ló ń béèrè, ìdọ́gba kì í sì í ṣe ohun tí a ń fọwọ́ rọ́ tì.

Bí a bá fẹ́ kí olúkúlùkù san iye tó bá ọ̀nà jẹ́, ìṣirò rẹ̀ wà. Láàárín ọdún 1958 sí 1960, ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe ọ̀nà tuntun kan fún ìdánwò, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ akẹ́rù tó wúwo ju ara wọn lọ rìn ín léraléra láti wo bí yóò ṣe bàjẹ́ sí. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ẹrù tó wà lórí ọ̀pá táyà, ìyẹn irin tó so táyà ọ̀tún àti tòsì pọ̀, bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ ọ̀nà kì í ṣe ìlọ́po méjì: ìlọ́po 16 ni. Méjì lọ́nà méjì lọ́nà méjì lọ́nà méjì. Àwọn onímọ̀ ọ̀nà ṣì ń lo òfin ìṣirò yìí títí di òní láti fojú díwọ̀n ìbàjẹ́ ọ̀nà.

Ẹ wá bá mi ṣírò. Oníkẹ̀kẹ́ àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká ní wọ́n jẹ́ 100 kìlógíráàmù, 50 lórí táyà kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó jẹ́ 1,500 kìlógíráàmù ń gbé 750 lé ọ̀pá táyà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìlọ́po 15 ti oníkẹ̀kẹ́. Ọ̀pá táyà kan lábẹ́ tírélà tó kún lè gbé 10,000, ìlọ́po 200. Bí oníkẹ̀kẹ́ bá san kọ́bọ̀ kan fún ìbàjẹ́ táyà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, onímọ́tò gbọ́dọ̀ san kọ́bọ̀ 50,625 (15 lọ́nà 15 lọ́nà 15 lọ́nà 15) lórí ọ̀pá táyà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦506 ó lé díẹ̀. Onítírélà yóò san ₦16,000,000 lórí ọ̀pá táyà kan ṣoṣo, tírélà sì ní ju ọ̀pá kan lọ. Ti bàbá ẹlẹ́mu ńkọ́, tòun ti kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ márààrún? Bí ẹrù bá sọ ìwúwo rẹ̀ di ìlọ́po méjì, kọ́bọ̀ 16 ni tirẹ̀ lórí táyà kọ̀ọ̀kan.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Káńsù tó gba ₦2,000 lọ́wọ́ ẹni tí ìbàjẹ́ rẹ̀ kò tó náírà kan, tí tírélà tó gbé yanrìn kún àkúnfàya sì ń kọjá níwájú rẹ̀ láìsí ẹni tó wọn ẹrù rẹ̀ wò, kò lè sọ pé ọ̀nà lòun ń tọ́jú.

Owó tí ẹ̀gbọ́n mi ń san ńkọ́? Òótọ́ ni pé ó ń san owó ìwé ọkọ̀, owó àyẹ̀wò ọkọ̀, owó adójútòfò. Àmọ́ títí di 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba fi ń fi owó gbogbo ìlú dín iye epo bẹntiróò kù. Ẹni tó ń ra epo sínú ọkọ̀ ló ń jẹ ànfààní yẹn ní tààrà. Lítà epo mélòó ni bàsíkùlù mu nínú rẹ̀? Bàbá ẹlẹ́mu sì ń sanwó fún ìjọba láìmọ̀. Láti ọdún 2020 ni VAT, owó orí tí wọ́n ń fi kún iye ọjà, ti di 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì wà lórí ọ̀pọ̀ ọjà tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n bá ń pín owó VAT, 35 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Onímọ́tò tó yọrí lójú fèrèsé yẹn kò mọ̀ pé ẹni tó ń bú pé kò san kọ́bọ̀ ti ń san tirẹ̀ lójoojúmọ́.

Àwọn tó ti dán an wò

Àwọn ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ ariwo yìí dáadáa. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri níbẹ̀ ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn onímọ́tò pé àwọn kò san owó ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1937 ni ìjọba Bìrìtìkó ti fòpin sí ètò tó ya owó àwọn onímọ́tò sọ́tọ̀ fún ọ̀nà. Láti ìgbà náà, àpò gbogbo ìlú ni owó ọ̀nà ti ń jáde, oníkẹ̀kẹ́ tó ń san owó orí sì ń dá sí i. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2022, mínísítà ètò ìrìnnà wọn, Grant Shapps, sọ ọ̀rọ̀ tó jọ pé wọ́n máa fi nọ́ńbà sí kẹ̀kẹ́. Kò pẹ́ rárá tó fi yí ohùn padà.

Toronto ní Kánádà gba owó ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́ láti ọdún 1935, wọ́n sì pa á tì ní 1957. Lára ìdí tí wọ́n fi pa á tì ni pé ó ń sọ àwọn ọmọdé di arúfin láìmọ̀, kò sì jẹ́ kí àárín ọmọdé àti ọlọ́pàá gún. Ní Switzerland, wọ́n ń lẹ ìlẹ̀mọ́ adójútòfò mọ́ kẹ̀kẹ́ lọ́dọọdún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2012, kò pọn dandan mọ́.

Ti Jàpáànù ni mo fẹ́ kí a wò dáadáa. Láti ọdún 1994 ni òfin wọn ti sọ ọ́ di dandan kí ẹni tó ra kẹ̀kẹ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó ti rà á ni wọ́n ti ń ṣe é, owó rẹ̀ kò pọ̀, a kì í sì í san án lọ́dọọdún. Nítorí olè ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí wọ́n bá jí kẹ̀kẹ́ rẹ, tí ọlọ́pàá sì rí i, wọ́n á mọ̀ pé tìrẹ ni. Ohun tí ìforúkọsílẹ̀ wà fún nìyẹn: kí olóhun lè rí nǹkan rẹ̀ gbà padà. Bí káńsù wa bá gbé irú èyí wá lọ́fẹ̀ẹ́, èmi ni yóò kọ́kọ́ lọ forúkọ sílẹ̀.

Àwọn tí kò fi ara balẹ̀

Mo mọ̀ pé àwọn oníkẹ̀kẹ́ kan ń fi ẹ̀mí ara wọn àti tẹlòmíràn wéwu. Wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ lóru láìsí iná, bíréèkì wọn kò mú, wọ́n ń gba ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà bọ̀. Ọmọ àbúrò mi kan ti fi ara gbọgbẹ́ nídìí irú rẹ̀ rí. A kì í sì í tìtorí orí fífọ́ bẹ́ orí. Ọ̀kadà ní nọ́ńbà, Màrúwá ní nọ́ńbà, dánfó ní nọ́ńbà lẹ́yìn ní nọ́ńbà níwájú. Ẹ sọ fún mi, ta ni nọ́ńbà yẹn dí lọ́wọ́ kó má gba ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà bọ̀? Kí wọ́n mú ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ láìsí iná lóru, kí wọ́n ní kó lọ ra iná. Ìyẹn kò béèrè ìwé àṣẹ.

Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì, tí mọ́tò ń tì, tó ń sáré bí ọ̀kadà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ìyẹn jẹ́ mọ́tò, kí òfin mọ́tò mú un.

Ohun tí mo ń béèrè

Mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin wa ní Àbújá àti ní àwọn ìpínlẹ̀ yọ bàsíkùlù kúrò nínú Àfikún Kẹrin nígbà tí wọ́n bá tún ń ṣàtúnṣe ìwé òfin. Mo mọ̀ pé ìyẹn yóò pẹ́. Ṣáájú ìgbà náà, káńsù kọ̀ọ̀kan lè jókòó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó sọ pé òun kò gba owó kẹ̀kẹ́ mọ́, kó sì kó àwọn ọmọ tó ń tú fáàfù kúrò lójú títì.

Mo ti kọ lẹ́tà sí káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa. Ìbéèrè méjì ló wà nínú rẹ̀. Èkíní, èló ni owó kẹ̀kẹ́, bárò àti ọmọlanke mú wọ àpò káńsù lọ́dún tó kọjá, lórí rìsíìtì? Èkejì, èló ni wọ́n san fún àwọn tó ń gbà á? Ó pè mí lórí fóònù, ó sọ pé òun náà kò tíì rí àkọsílẹ̀ rẹ̀ rí, pé òun máa béèrè lọ́wọ́ akápò. Mo ti sọ fún un pé bí ìdáhùn bá dé, èmi yóò gbé e síbí fún gbogbo ènìyàn láti kà.